Kóòdù P0171 lórí Corolla 2005: pulọ́ọ̀gì tuntun, sẹ́ńsọ̀ tòkúnbọ̀, iná ò kú

ỌmọÒkèÀdó · Ọjọ́ Ajé, 9:10 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ mọ́tò yìí. Corolla 2005 ni, ẹ́ńjìnnì 1.8, ọdún kẹfà rèé tí mo ti rà á ní tòkúnbọ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí iná chẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnnì ti ń tàn. Bí mo bá tan mọ́tò láàárọ̀, pàápàá nínú ọyẹ́ tó mú yìí, á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Abẹ́rẹ́ RPM, èyí tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára yí sí, á gòkè, á tún wálẹ̀, nígbà míì á kú mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́nu géètì. Tó bá gbóná tán, ara rẹ̀ á balẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n iná náà ò ní kú.

Rewaya fi sikánà wò ó, ó ní P0171, pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ nínú ẹ́ńjìnnì. Mẹkáníìkì mi pààrọ̀ pulọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò kú. Ó ní ọ́síjìn sẹ́ńsọ̀ ni, a ra tòkúnbọ̀ ní Ararọ̀mí, ní Gate, n'Ìbàdàn. Wọ́n fi sikánà pa iná náà, inú mi dùn délé. Ní ọ̀túnla ó tún tàn. Ní báyìí ó ní pọ́ǹpù epo ni, kí n lọ wá owó. Ṣé kí n rà á?

---

TáyàKòFọ́ · 9:24 alẹ́

Níbo lẹ ti ń ra epo? Ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2022, nígbà tí bẹntiróò tí mẹtanọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ ìlú, tí mọ́tò ń dákú káàkiri. Ẹ fa epo inú táǹkì yẹn dà nù, kí ẹ lọ ra òmíràn níbòmíì.

---

ÌyáDẹ́rẹ́bà · 9:31 alẹ́

Ọmọ mi, yọ orí bátìrì fún wákàtí kan. Tèmi kú bẹ́ẹ̀.

---

BàbáSípánà · 10:02 alẹ́

Ẹ dúró ná, ẹ̀yin èèyàn. Ìyá wa, ẹ má bínú o: bí a bá yọ orí bátìrì, ṣe ni bréènì mọ́tò gbàgbé ohun tó ti kọ́. Àìsàn wà níbẹ̀. P0171 lórí Toyota kì í tan iná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó bá rí i. Ó gbọ́dọ̀ rí àṣìṣe yẹn nínú ìrìn méjì tó tẹ̀ léra kó tó tanná. Ìdí nìyẹn tí inú gbogbo èèyàn fi máa ń dùn fún ọjọ́ kan.

ỌmọÒkèÀdó, ọ́síjìn sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n ní kí ẹ pààrọ̀ yẹn, òun gan-an ló ń sọ fún bréènì pé afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Ẹni tó wá jíṣẹ́ fún yín pé ilé ń jò, òun lẹ lé jáde, ẹ wá gba àlejò mìíràn wọlé, òun náà tún ń wí bákan náà. Lóòótọ́ sẹ́ńsọ̀ máa ń kú, ṣùgbọ́n tó bá kú, kóòdù tirẹ̀ sábà máa ń yọjú.

Ẹ má ra pọ́ǹpù. Ẹ wá sikánà kékeré aláìlówó lórí tó ń lo Bluetooth, èyí tí wọ́n ń kọ ELM327 sí lára, ẹ so ó mọ́ fóònù. Ihò tí wọ́n ń kì í bọ̀ wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, níwájú orúnkún yín. Mo fẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta: short term fuel trim, long term fuel trim, àti MAF, ìyẹn sẹ́ńsọ̀ tó ń ka afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Ẹ kà wọ́n nígbà tí mọ́tò wà lórí sìlóò, ẹsẹ̀ yín ò sí níbi tẹná. Lẹ́yìn náà kí ẹ tẹná dé 2500 RPM, kí ẹ dì í mú bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ tún kà wọ́n.

Bí ẹ bá wo àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní freeze frame, ẹ máa rí bí mọ́tò ṣe wà gẹ́lẹ́ nígbà tí kóòdù wọlé. Ẹ gbé ìyẹn náà wá.

---

TáyàKòFọ́ · 10:15 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ṣé epo ò wá lè fà á ni?

---

BàbáSípánà · 10:29 alẹ́

Ó lè fà á. Mẹtanọ́ọ̀lù ti gbé ọ́síjìn tirẹ̀ wá nínú ara, nítorí náà epo tó wà nínú rẹ̀ ò tó fún afẹ́fẹ́ tó wọlé. Bẹntiróò gidi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ bíi ìwọ̀n 14.7 sí ìwọ̀n epo 1. Mẹtanọ́ọ̀lù ò fẹ́ tó ìdajì ìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ epo ni, á máa ṣe é lórí sìlóò, á máa ṣe é lójú títì, òwúrọ̀ ò ní yàtọ̀ sí ọ̀sán. Tiẹ̀ ń gbọ̀n láàárọ̀, ó ń balẹ̀ lọ́sàn-án. Ó sì ti lé lọ́sẹ̀ mẹ́ta. Táǹkì mélòó ló ti rà láàárín ìgbà yẹn?

---

ỌmọÒkèÀdó · Ọjọ́rú, 7:40 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ yá mi ní sikánà. Mo kà á láàárọ̀ yìí kí n tó jáde:

Sìlóò: short +9, long +24. MAF 2.1.
2500 RPM: short +1, long +6.
Freeze frame: RPM 760, ìyára 0, omi ẹ́ńjìnnì 64°C.

Kí ni gbogbo ẹ̀ túmọ̀ sí?

---

Ladipo_No_Dey_Sleep · 8:05 àárọ̀

MAF ni. MAF ẹ ti dọ̀tí. Mo ní tòkúnbọ̀ tó mọ́ dáadáa, ẹ bá mi sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀.

---

BàbáSípánà · 8:51 àárọ̀

Ìwọ Ladipo yìí, jọ̀ọ́, ọjà ò tíì dé. 😀

ỌmọÒkèÀdó, mo dúpẹ́. Ẹ ti dín wàhálà kù fún ara yín. Ẹ jẹ́ n là á yé yín.

Fuel trim ni iye epo tí bréènì ń fi kún un, tàbí tó ń yọ kúrò, kí ọbẹ̀ lè dọ́gba. Òǹkà tó ní + lára, àfikún ni. Short jẹ́ ti ìṣẹ́jú yìí, long jẹ́ ohun tó ti mọ́ ọn lára. Ẹ ro méjèèjì pọ̀. Lórí sìlóò, 9 àti 24 jẹ́ 33 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ni pé bréènì ń fi ìdá kan nínú mẹ́ta epo kún epo kó tó lè bá afẹ́fẹ́ dọ́gba. Tí kò bá ju 10 lọ, ẹnikẹ́ni kì í pariwo. Ní 2500, tiyín jẹ́ 7 péré. Ó dára.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn: burúkú lórí sìlóò, dáradára tí ẹ bá tẹná. Freeze frame náà jẹ́rìí sí i: RPM 760, ìyára 0, orí sìlóò ni kóòdù ti wọlé. MAF ló ń ka afẹ́fẹ́ tó ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Afẹ́fẹ́ tó bá gba ojú fèrèsé wọlé lẹ́yìn MAF, kò sẹ́ni tó kà á. Lórí sìlóò, ilẹ̀kùn throttle, èyí tó ń ṣí tí ẹ bá tẹná, fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé, ẹ́ńjìnnì ń fà gidigidi, afẹ́fẹ́ tó ń gba ojú ọ̀nà wọlé ò pọ̀, nítorí náà èyí tó ń jò wọlé á hàn gbangba. Da ife omi kan sínú abọ́ ẹ̀fọ́ rírò, ẹ̀fọ́ ti bàjẹ́. Da ife yẹn kan náà sínú ìkòkò tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ ìgbéyàwó, ta ni yóò mọ̀? 2500 RPM ni ìkòkò ńlá yẹn.

MAF tó dọ̀tí tàbí pọ́ǹpù tí kò lágbára mọ́, òdìkejì ni wọ́n sábà máa ń ṣe. Wọ́n á fara dà á lórí sìlóò, àmọ́ tí ẹ bá ń gun Òkè Màpó pẹ̀lú èèyàn mẹ́rin nínú mọ́tò, tí ẹ ń tẹná tí mọ́tò ò fẹ́ lọ, ẹ máa rí i kí trim fò sókè. MAF 2.1 lórí sìlóò fún ẹ́ńjìnnì 1.8, kò sí ohun tó fi ṣe èèyàn.

Ẹ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò wọlé. Owó pọ́ǹpù, ẹ fi ra aṣọ fún ìyàwó yín.

---

ÀbíkẹSEEmpty · 9:20 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè kékeré: sáílẹ́ńsà tó bẹ́ ńkọ́?

---

BàbáSípánà · 9:33 àárọ̀

O káre láé. Bí páìpù èéfín bá là ṣáájú sẹ́ńsọ̀ àkọ́kọ́, ó lè fa afẹ́fẹ́ ìta sínú, sẹ́ńsọ̀ á rò pé ẹ́ńjìnnì ló ń ṣe é. Ariwo rẹ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ jáde, tak-tak-tak láàárọ̀. ỌmọÒkèÀdó, ẹ tẹ́tí sí i.

---

ỌmọÒkèÀdó · 12:17 ọ̀sán

Kò sí ariwo bẹ́ẹ̀ sà. Ṣùgbọ́n tí mo bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì láàárọ̀, ó dà bíi pé mo ń gbọ́ ohun kan tó ń mí “sssss”. Mẹkáníìkì mi ní ká bu epo sórí mánífóòdù, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, pé ibi tó bá ti jò, ìró ẹ́ńjìnnì á yí padà. Ṣé ká ṣe é?

---

BàbáSípánà · 12:22 ọ̀sán

RÁRÁ. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, rárá o! Òótọ́ ni pé ìró á yí padà, mo mọ àwọn tó ti ń ṣe é láti kékeré. Mo sì ti bá wọn gbé kẹ́ẹ̀gì omi sáré pa bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ń jó. Ẹ́ńjìnnì gbígbóná, wáyà pulọ́ọ̀gì, bẹntiróò nínú ìgò ragolis, kí lẹ fẹ́ ká máa pe ìyẹn?

Omi ni kí ẹ lò. Ike tí wọ́n fi ń fọ́n omi sí aṣọ nígbà tí wọ́n bá ń lọ̀ ọ́, ẹ fọ́n ọn wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ sórí ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá ń jò á fa omi yẹn mu, “sss” á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì. Ẹ má fọ́n ọn sórí wáyà àti ibi tí iná mànàmáná wà. Ẹ ṣe é nígbà tí mọ́tò tutù, torí pé ìgbà yẹn ló ń ṣàìsàn.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ fífọ́n omi, ojú ni kí ẹ kọ́kọ́ fi wò ó:

rọ́bà dúdú gbọọrọ tó lọ láti ilé fìlítà sí ẹnu throttle, ẹ tẹ àárín ìṣẹ́po rẹ̀, ẹ yà á wò, kì í hàn bí a ò bá yà á;
họ́ọ̀sì PCV, èyí tó ń fa èéfín ọ́ìlì láti orí ẹ́ńjìnnì padà sínú mánífóòdù;
họ́ọ̀sì tó lọ sí búsítà búréèkì;
ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì àti ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, àwọn èèyàn kì í ka ìwọ̀nyí sí, bẹ́ẹ̀ tí wọn ò bá dé dáadáa, afẹ́fẹ́ á máa gba inú ẹ́ńjìnnì wọ PCV lọ.

---

ỌmọÌjẹ̀bú_Peckham · 3:48 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán o láti London. Níbí, wọ́n á kan fi ẹ̀rọ fẹ́ èéfín sínú mánífóòdù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ò ṣiṣẹ́, ibi tí èéfín bá ti yọ, ibẹ̀ ló ń jò. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó wúlò fún wa torí pé láti oṣù karùn-ún 2018, bí iná yẹn bá ń tàn lórí mọ́tò bẹntiróò tó ti jẹ́ ti oṣù keje 2003 sókè, mọ́tò ò ní yege MOT, ìdánwò tí wọ́n fi ń yẹ mọ́tò wò lọ́dọọdún níbí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ ń gbádùn, iná ń tàn, ẹ ń lọ. 😂

---

ÌyáDẹ́rẹ́bà · 4:05 ọ̀sán

Tèmi tàn fún ọdún méjì, mo lẹ séèlòtéèpù dúdú mọ́ ọn.

---

ỌmọÒkèÀdó · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:15 àárọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi!!! Mo jí ní aago mẹ́fà, mo gbé tọ́ọ̀ṣì àti dígí tí ìyàwó mi fi ń kun ojú (kò tíì mọ̀), mo wọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ. Rọ́bà gbọọrọ yẹn wà pérépéré. Nígbà tí mo ti dígí bọ abẹ́ họ́ọ̀sì PCV, mo rí téèpù dúdú tí ẹnì kan ti wé mọ́ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, mi ò mọ ìgbà wo. Ọ́ìlì ti rin téèpù náà, ó ti ń yọ̀, mo fi èékánná mú etí rẹ̀, ó tẹ̀ lé ọwọ́ mi bí awọ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ là tó ìka kékeré. Lókè kò sí nǹkan kan, ó ń dán bí tuntun.

Mo lọ ra họ́ọ̀sì, mo fi kílíìpù dè é. Ìró rẹ̀ ti yàtọ̀ báyìí. Mo ti pa kóòdù náà. Ṣé ó ti parí nìyẹn?

---

BàbáSípánà · 8:40 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ ṣe bẹbẹ. Ẹ tọ́jú dígí padà síbi tí ẹ ti mú un.

Kò tíì parí. Ó dára bí ẹ ṣe pa kóòdù, torí bréènì á ti gbàgbé 24 tó ti mọ́ ọn lára. Ẹ wà á fún ọjọ́ méjì, kẹ́ ẹ tún kà á láàárọ̀ tútù àti nígbà tó bá gbóná.

---

ỌmọÒkèÀdó · Ọjọ́ Ajé, 7:22 àárọ̀

Mo ti kà á sà.

Òwúrọ̀, sìlóò: méjèèjì pọ̀ jẹ́ +18.
Tó gbóná, sìlóò: +8.
2500: +4.

Iná ò tíì tàn padà. Ó ṣì ń gbọ̀n díẹ̀ láàárọ̀ ṣá, ṣùgbọ́n kò kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mẹkáníìkì mi ní ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé mọ́tò àtijọ́ ni.

---

TáyàKòFọ́ · 7:30 àárọ̀

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ máa lọ.

---

BàbáSípánà · 8:12 àárọ̀

Kò dáa. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná, iná dáṣíbọ́ọ̀dù lèmi ń wí o. 18 ṣì ju 10 tí mo sọ lọ dáadáa, iná lè tàn padà ní òwúrọ̀ tí ọyẹ́ bá mú gan-an.

Ẹ wo bí 18 ṣe di 8 bí ó ṣe ń gbóná. Họ́ọ̀sì tó là kì í mọ òtútù yàtọ̀ sí ooru tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń sún kì nígbà òtútù tó sì ń wú dí ihò nígbà ooru ni mo ń fura sí: gáskẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín mánífóòdù àti orí ẹ́ńjìnnì. Mánífóòdù yín jẹ́ ike, gáskẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́ rọ́bà tó wọ inú ojú ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ fún un. Lẹ́yìn nǹkan bí ogún ọdún, rọ́bà yẹn ti le bíi páńda. Ẹ fọ́n omi sí ibi tí mánífóòdù ti pàdé orí ẹ́ńjìnnì lọ́la, kí ẹ tó lọ síbi iṣẹ́, ní gbàrà tí ẹ bá ti tan mọ́tò.

---

ỌmọÒkèÀdó · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:48 àárọ̀

Òótọ́ lẹ sọ. Ojú mẹ́rin ni mánífóòdù fi pàdé orí ẹ́ńjìnnì. Ojú kìíní, kò sí. Ìkejì, kò sí. Ní ìkẹta, bí omi ṣe kàn án ló dákẹ́ wẹ́lo, abẹ́rẹ́ RPM sì wálẹ̀, lẹ́yìn náà ló tún bẹ̀rẹ̀ “sss” rẹ̀. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó lè dá mi lójú. Ọmọ mi kékeré dúró tì mí, ó ní “Dádì, ó ń mu omi.”

---

Ladipo_No_Dey_Sleep · 7:15 àárọ̀

Gáskẹ́ẹ̀tì ńkọ́, ṣé mo lè bá yín wá a? Tuntun o, mi ò ní sọ pé tòkúnbọ̀.

---

BàbáSípánà · 7:26 àárọ̀

Ìyẹn gan-an lo máa tà lónìí. 😀 Tuntun nìkan, ẹnikẹ́ni má ta gáskẹ́ẹ̀tì tòkúnbọ̀ fún un.

ỌmọÒkèÀdó, nǹkan méjì. Ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì yín pa gọ́ọ̀mù sílíkóònù mọ́ gáskẹ́ẹ̀tì náà “kó lè dí dáadáa”. Kò nílò rẹ̀, èéfín gọ́ọ̀mù yẹn sì lè ba ọ́síjìn sẹ́ńsọ̀ jẹ́. Ẹ nu ojú tí gáskẹ́ẹ̀tì máa jókòó lé mọ́ tónítóní, kí ẹ di àkísà mímọ́ sí ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí nǹkan má bàa já sínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ ka àkísà yẹn nígbà tí ẹ bá ń fi í síbẹ̀, ẹ tún kà á nígbà tí ẹ bá ń yọ ọ́. Àárín ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í dì í, kí wọ́n máa lọ sí ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n má fi agbára màlúù dì í, ike ni.

---

ỌmọÒkèÀdó · Ọjọ́ Àìkú, 5:30 ìrọ̀lẹ́

Wọ́n ti ṣe é lánàá. Gáskẹ́ẹ̀tì tó jáde pẹlẹbẹ, ó le, mo tẹ̀ ẹ́, ó ṣẹ́ lójú ibi ìkẹta gan-an. Owó rẹ̀ ò tó ìdá mẹ́rin ohun tí mo fi ra sẹ́ńsọ̀ tòkúnbọ̀. Àkísà mẹ́rin wọlé, mẹ́rin jáde.

Òwúrọ̀ yìí, tútù: +5. Gbígbóná: +3. 2500: +3. Abẹ́rẹ́ RPM dúró sójú kan, mo gbé ife tíì lé orí ẹ́ńjìnnì, kò dà.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù. Ọ́síjìn sẹ́ńsọ̀ mi àkọ́kọ́ ńkọ́? Mo ṣì ní i nínú búùtù.

---

BàbáSípánà · 6:04 ìrọ̀lẹ́

Ẹ tọ́jú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó dáa ju èyí tí ẹ rà lọ. Ẹ má yọ èyí tó wà níbẹ̀ báyìí o, bó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ fi í sílẹ̀.

---

CamryV6_Abẹ́òkúta · 8:19 alẹ́

Ẹ kú ìjókòó o. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tèmi ní P0171, ó tún ní P0174. Ẹ́ńjìnnì V6 ni. Wọ́n ní kí n pààrọ̀ ọ́síjìn sẹ́ńsọ̀ méjèèjì. Ẹ bá mi dá sí i.

---

BàbáSípánà · 8:35 alẹ́

Apá méjì ni V6 ní, P0171 jẹ́ ti apá kan, P0174 jẹ́ ti apá kejì. Kóòdù méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ni pé apá méjèèjì ń ké pọ̀. Sẹ́ńsọ̀ méjì kì í sábà kú lọ́jọ́ kan náà. Ohun tí apá méjèèjì jọ ń lò ni kí ẹ wá: MAF, agbára epo láti pọ́ǹpù, tàbí afẹ́fẹ́ tó ń jò kí ọ̀nà tó pín. Nọ́ńbà dà? Sìlóò àti 2500.

---

CamryV6_Abẹ́òkúta · 8:37 alẹ́

Mi ò ní sikánà, sà.

---

ỌmọÒkèÀdó · 8:41 alẹ́

Abẹ́òkúta ò jìnnà. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ti ọ̀rẹ́ mi ṣì wà lọ́wọ́ mi.